Àgbá Iná Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kìíní

Bàámi àti Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún Bàámi ńkọ́? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Òtútù ibí kò tíì pa mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sapá. Iṣẹ́ ìfọṣọ nílé ìwòsàn náà ni mo ṣì ń ṣe. Aṣọ ibùsùn tí mò ń ká pọ̀ débi pé bí mo bá dijú, aṣọ funfun ni mò ń rí.

Màámi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ ní tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa da omi sórí gbogbo ìkòkò tó wà nínú yàrá yín, kí wọ́n padà di ẹrẹ̀, kí ẹ sì fi yàrá náà háyà. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ ilé. Mo mọ̀ pé látìgbà tí àwọn ará àdúgbò ti ní èéfín yín ń ba aṣọ àwọn jẹ́ lórí okùn, ẹ ò rí ibi dáná sun ìkòkò mọ́. Ẹ̀ ń mọ wọ́n, ẹ̀ ń tò wọ́n, wọ́n kàn ń wò yín lójú ni. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Èmi tí mo máa ń sá fún amọ̀ ní kékeré, tí mo máa ń sọ pé ó ń wọ èékánná mi, mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò níbí. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń ṣe é. Bàbá kan tó ti ń wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wa, nínú ọgbà ilé ẹ̀. Ààrò tó fi ń sun ìkòkò, àgbá epo tó ti gbó ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣe é. Gáàsì ló fi ń dáná sí i, kì í rú èéfín bíi ti igi, ohun tó ná lé e lórí kò sì tó owó bàtà mi. Wọ́n ń pe irú sísun bẹ́ẹ̀ ní ràkú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ẹ̀yin méjèèjì ló wá sí mi lọ́kàn.

Bàámi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń jó irin kí ẹ tó mọ Màámi, kí ni àgbá kan jẹ́ lójú yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é kí òjò tó dé.

Ọmọ yín,
Wàdùwàdù


Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ dé, inú wa dùn bí ẹni pé ìwọ gan-an lo wọlé. Orúnkún mi wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Àwa náà ń kí ọ kú òtútù.

Mo ka lẹ́tà náà sétí ìyá rẹ. Nígbà tí mo débi tí o ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Ṣé ó ń sanwó ni, kí wọ́n lè kọ́ ọ ní ohun tó sá fún nílé lọ́fẹ̀ẹ́?" Ó pòṣé, ó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a jẹun tán, òun náà ló tún bi mí pé irú amọ̀ wo ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Mo ní o kò sọ. Ó ní kò ya òun lẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Má fi ọ̀rọ̀ àgbá yìí ránṣẹ́ lórí fóònù. Tí ìwọ àti ìyá rẹ bá ti gba fóònù, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sunkún, owó á tán. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Àgbá wà nílẹ̀. Káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi, ní òun á wá ràn mí lọ́wọ́, ìyẹn ni pé á wá jókòó kó máa wò mí.

Ìyá rẹ ní kí n kọ èyí bí òun ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́:

"Wàdùwàdù, mo kí ọ. Nítorí pé o kì í lè dúró kí omi hó kó o tó ṣí ìdérí ni mo ṣe sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi ní iná? Mi ò ní kó ìkòkò mi sínú àgbá bí ẹni ń se ẹran. Tí òjò bá dé, màá da omi sí wọn lára, ọ̀rọ̀ parí. Mo ti ní kí télọ̀ kan wá wo yàrá náà. Máa wọ aṣọ tó nípọn. Máa jẹun."

Ọmọ mi, bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ara ìkòkò kan. Má dá a lóhùn. Kọ ìwé náà wá kíákíá.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí káfíńtà, ẹ ní kó má jókòó jù.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ gé àgbá náà sí méjì, ìlàjì tó ní ìsàlẹ̀ la máa lò. Ẹ fi irin ṣe ìdérí fún un, kó ní ọwọ́ méjì tí ẹ lè fi gbé e. Ẹ gé ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, kó fẹ̀ tó ẹnu ife, ibẹ̀ ni iná gáàsì máa gbà wọlé. Ẹ gé òmíràn sí àárín ìdérí, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má gbàgbé ti ìdérí o.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ nílé máa gbé òwú funfun kan wá fún yín. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ bàbá tó ń kọ́ wa ní ìkòkò ni, iná kì í jó o. Òun lẹ máa fi tẹ́ inú àgbá àti abẹ́ ìdérí. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu yín tí ẹ bá ń gé e, ó máa ń yún èèyàn lọ́fun. Wáyà lẹ máa fi dè é mọ́ ara àgbá. Àmọ́ wáyà nìkan á ya á, torí náà a nílò bọ́tìnnì tí wáyà máa gba inú ẹ̀ kọjá, bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, kó fẹ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amọ̀ la fi ń ṣe é. Bàámi, ẹ bá mi rọra bẹ Màámi pé kí wọ́n bá wa mọ ọ́. Ẹ ní bọ́tìnnì lásán ni, kì í ṣe ìkòkò.

Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé àgbá náà sí, lórí bíríkì, kó jìnnà sí ilé. Ẹ gbé garawa omi sí tòsí. Tí ẹ bá kọ́kọ́ sun àwọn ìkòkò náà, ìwọ̀nba iná ni kẹ́ ẹ máa fi sí i, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tutù, bí Màámi ṣe máa ń ṣe. Ohun tó kù, màá sọ ọ́ tó bá yá.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Ẹ sọ fún Màámi pé mò ń jẹun.

Wàdùwàdù


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Jókòó kó o tó ka èyí.

Ìyá rẹ mọ bọ́tìnnì. Ó ní òun kò ní mọ ọ́, ó mọ ọ́. Ó fi igi ya òdòdó sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ní inú àgbá ni wọ́n ń lọ, ta ni yóò rí òdòdó níbẹ̀? Ó ní iná á rí i.

Àgbá náà dára. Mo rí ihò tí o ní kí n gé sí àárín ìdérí. Mo wò ó, mo rò ó. Mo ní ẹni tó ṣe ti yín lọ́hùn-ún ni kò mọ iṣẹ́ tó, ó fi ihò sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kò sí oníbàárà tó rí ihò lára iṣẹ́ mi rí. Mi ò gé e. Mo tilẹ̀ tún fi irin wé etí ìdérí, kí ẹ̀mí iná má bàa jáde.

A tan gáàsì. Iná wọlé, ó húkọ́ bí àgbàlagbà, ó kú. A tún un tàn, ó tún kú. Ìgbà tí a tún dán an wò, ó fò jáde nísàlẹ̀, ó jó irun apá mi. Káfíńtà ti sá dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ jókòó sórí àpótí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó káwọ́ gbera. Ó ní, "Bàbá Wàdùwàdù, ibo lẹ ní kí iná yìí gbà jáde?" Mo ní kò níbi tó máa gbà jáde, iṣẹ́ gidi ni. Ọmọ mi, ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn nínú ilé yìí. Mo gbé ìdérí lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gé ihò sí iṣẹ́ mi tó dára. Bí ẹni pé ara mi ni mò ń gé.

Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ lọ kó díẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀ wá, ó tò wọ́n sínú àgbá, a tún iná tàn, ó sì jó. Bó ṣe ń gbóná bọ̀, a gbọ́ "tá!" nínú àgbá. Ìyá rẹ dìde, ó wọlé lọ. O mọ̀ ọ́n, kò lè gbọ́ ìró ìkòkò tó là kó tún jókòó. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun ló ṣí i. Ọ̀kan ṣoṣo ló là. Ó fi ìka kan àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sọ́wọ́ bí ọmọ ìkókó.

Àmọ́ télọ̀ ti wá o. Ó ti wọn ibi tí máṣíìnì rẹ̀ máa dúró sí. Ìyá rẹ kò tíì ní kó má wá.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Bàámi àti Màámi mi,

Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá wa fi wá wò ó bóyá ara mi ò yá. Bàámi, ẹ kú iṣẹ́ gidi! Màámi, ẹ kú bọ́tìnnì olódòdó.

Èyí ni ohun tó kù. Nọ́ọ̀sì yẹn ti tún ń bọ̀, mo fi agolo kan rán an. Ìyẹ̀fun tó wà nínú ẹ̀ máa ń yọ́ nínú iná, á sì máa dán bíi gíláàsì; ẹ pò ó mọ́ omi kó ki bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ fi kun ara àwọn ìkòkò tí ẹ ti sun. Tó bá gbẹ, ẹ kó wọn padà sínú àgbá. Ẹ máa wo inú ihò ìdérí. Tí ìkòkò bá ti pọ́n bí ẹyin iná, tí ara ẹ̀ sì ń dán bí ohun tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí, ẹ má jẹ́ kó tutù. Ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí i, ẹ fi ẹ̀mú gbé e jáde bó ṣe pọ́n yẹn. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú garawa onírin tí ẹ ti da lẹ́búlẹ́bú pákó sí, kí ẹ yáa dé e pa. Ó máa rú èéfín díẹ̀, ìdérí máa bò ó. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí.

Bàámi, garawa yìí lẹ lè dí pa. Ẹ má fi ihò kankan sí i.

Ìbọ̀wọ́ tó nípọn o, ẹ̀yin méjèèjì. Màámi, ẹ má wọ ìró tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Wàdùwàdù


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin

Wàdùwàdù,

Bàbá rẹ ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. A rí agolo gbà. A kí ọ.

Kí n yọ ìkòkò nínú iná kó tó tutù? Ìyá mi á dìde láti sàréè wá gbá mi létí. Ohun tí mo fi gbogbo ìgbà èwe rẹ kìlọ̀ fún ọ nìyẹn. "Dúró, má fọwọ́ kàn án, kò tíì tutù." O kò gbọ́. Gbogbo ayé yìí, o wá rìn títí o fi rí ibi tí wọ́n ti ń fi wàdùwàdù ṣiṣẹ́ ìkòkò! Ọlọ́run ló mọ bó ṣe darí ẹsẹ̀ rẹ débẹ̀.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú lójoojúmọ́. Télọ̀ ní òun fẹ́ kó wọlé nígbà tí oṣù tó ń bọ̀ bá ń parí lọ. Mo sọ fún bàbá rẹ pé màá dán èyí wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí tìrẹ. Àwọn méjì tó dára jù nínú iṣẹ́ mi ni mo mú, ti ìkẹyìn tí mo mọ kí àwọn ará àdúgbò tó bínú sí èéfín mi. Tí wọ́n bá yè é, a ó mọ̀. Tí wọn ò bá yè é, kí n má gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò lẹ́nu rẹ mọ́.

O ti rù, mo rí i nínú fọ́tò. Má purọ́ fún mi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Kí lo ṣe fún ìyàwó mi?

Bóyá o ti ń pe fóònù, tí kò lọ. Inú garawa omi ló bọ́ sí lọ́jọ́ tí a dáná, látinú àpò mi. Torí náà ìwé ni mo fi ń sọ ọ́.

Ohun gbogbo lọ bí o ṣe kọ ọ́. Ìkòkò pọ́n, ó ń dán. Mo pa gáàsì, èmi àti káfíńtà gbé ìdérí. Ìyá rẹ ní òun fúnra òun ló máa yọ ọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ mi, ó fi ẹ̀mú gbé e sókè. Ó dára lójú rẹ̀, mo rí i, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó di í mú kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i bí o ṣe wí. Bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́ ọ: tá. Lẹ́yìn náà tá, tá, tá, bí ìgbà tí òjò wẹ́wẹ́ bá ń bọ́ sórí páànù. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ìyá rẹ gbé e sínú lẹ́búlẹ́bú, ó gbé ìkejì, ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e sí i. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tò wọ́n sórí ara wọn, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo dé garawa pa. Mi ò tíì ṣí i. Mo da àpò bò ó, kí ojú ìyá rẹ má bàa tún bọ́ sí i. Kò sunkún, èyí ló ń bà mí lẹ́rù. Ó kàn ní kí n sọ fún télọ̀ pé kó máa bọ̀. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó gbé kẹ́ńgbẹ́ omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì dà á.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n wá nǹkan sọ fún mi.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún

Bàámi,

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ń bọ̀ nílé lọ́la. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé lẹ́tà yìí wá fún yín kó tó dé ilé ara ẹ̀.

Wọn ò là! Bàámi, ẹ sáré wọlé, ẹ sọ fún Màámi pé wọn ò là. Ohun dídán tí ẹ fi kun ara ẹ̀ ló ń sán nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ìkòkò fúnra ẹ̀ wà ní odindi. Bó ṣe yẹ kó máa dún nìyẹn. Ibi tó bá ti dún, ìlà tín-ínrín kan á wà níbẹ̀, èéfín á wọ inú ẹ̀, á di dúdú, ìyẹn gan-an sì lẹwà ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ níbí, ẹ̀rù bà mí, mo yíjú wo ilẹ̀kùn, mò ń wá Màámi, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n á ti dìde. Kí ló dé tí mi ò rántí kọ ọ́ sí yín? Gbogbo ohun tí mo kọ, irin, wáyà, ìbọ̀wọ́, mo fo ohun kan ṣoṣo tó kan Màámi jù.

Ẹ ká àpò yẹn kúrò. Ẹ gbé ìkòkò náà lé wọn lọ́wọ́. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ ṣáà gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ gba kẹ́ńgbẹ́ omi yẹn.

Wàdùwàdù yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Wàdùwàdù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Bàbá rẹ ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tirẹ̀ kún un. (Mo gbọ́. Bàbá rẹ.)

Ó ka lẹ́tà rẹ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo ní ọmọ yìí ń tù mí nínú ni. Ó jáde, ó padà wọlé, ó gbé ohun kan lé mi lẹ́sẹ̀. Mo dijú. Mo ti rí ìkòkò tó là tó, mi ò fẹ́ rí èyí. Ọwọ́ mi ni mo fi wò ó. Mo fọwọ́ lọ etí rẹ̀, mo fọwọ́ lọ ikùn rẹ̀, mo yí i dé ìdí, mò ń wá ibi tí èékánná máa kọ́. Kò sí. Ìgbà yẹn ni mo tó lajú. Ó rí bí idẹ lápá kan, bí ewé tútù lápá kejì, ìlà dúdú tín-ínrín wà káàkiri ara rẹ̀ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ yà á. Mo wò ó títí bàbá rẹ fi bi mí bóyá mo sùn lọ.

Mo bu omi sí i. Ìdí rẹ̀ tutù kílẹ̀ tó ṣú. O kò sọ fún mi pé ó máa ń jò! Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ìkòkò omi ni mò ń mọ, o wá sọ mí di ẹni tó ń mọ ohun ìwòran. A ó sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn nígbà tí o bá wálé.

Télọ̀ kó ẹrù rẹ̀ dé. Mo ní yàrá kò sí mọ́. Inú bí i, ó pariwo, ó sì tọ̀nà, nítorí mo ti ṣèlérí fún un. Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà fún un, mo ní kó máa kó bọ́tìnnì sí i, bọ́tìnnì kò ní jò. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbàgbé ìbínú. Bàbá rẹ ti ń bá a wá yàrá mìíràn.

A tún dáná ní Sátidé. Àwọn ará àdúgbò yọjú lórí ògiri, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ aṣọ. Èmi ni mo di ẹ̀mú mú. Mo yọ ìkòkò kan, ó pọ́n, ojú mi ń gbóná, mo sì gbé e lé orí bíríkì. Mo ní kí bàbá rẹ àti káfíńtà panu mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Tá. Tá, tá. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ gbé mi wọlé. Mo bá a wí. Mo fa àpótí mi, mo jókòó tì í, mo sì gbọ́ ọ títí tó fi dákẹ́.

Ìyá rẹ